Ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ nípa àwọn Júù ní sẹ́kọ́ńdìrì l'Òṣogbo: ẹ bá mi dá sí i

Tíṣà_ÒgoOlúwa:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ojúgbà mi. CRS ni mo ń kọ́ ní ilé ìwé aládàáni kan l'Òṣogbo níbí. Ọmọ méjì láti ìdílé Júù kan wà lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n wà ní SS2, àbúrò wà ní JSS3. Àwọn òbí wọn bẹ ọ̀gá pé kí ẹnì kan máa mójú tó wọn ní ti ẹ̀sìn. Ọ̀gá ní èmi ni, ó tún ní kí n fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ọmọ yòówù tó bá fẹ́ mọ̀ nípa àwọn Júù, láti sáà kìíní tó máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2026. Kò sí máàkì, kò sí ìdánwò, wákàtí kan péré lọ́sẹ̀. Àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ tó ọgbọ̀n, Mùsùlùmí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn.

Kí ni iṣẹ́ yìí gan-an, nígbà tí kì í ṣe kíláàsì? Kí la lè fọwọ́ ṣe tí kò ní gba owó púpọ̀? Kí ló sì máa ń bàjẹ́ níbẹ̀? Ọ̀gá ní ọjọ́ Ẹtì, aago kan ààbọ̀, ni àyè wà. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa jọ̀ọ́ dá sí i.

Àgbà_Ìwé:

Tíṣà, ẹ kú oríire. Ẹ jẹ́ n ti ibi ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ dàrú. Ẹ má gba ọjọ́ Ẹtì. Aago kan ààbọ̀ ni Jímọ̀ ń lọ lọ́wọ́, ìdajì àwọn ọmọ yín ò ní sí níjòókòó, àwọn òbí wọn á sì ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bí ẹ bá sún un sí ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ Júù méjèèjì ni yóò máa wo aago, torí Sábáàtì ti fẹ́ wọlé. Lọ́dọ̀ wa l'Òṣogbo, nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni oòrùn ń wọ̀ nínú oṣù kọkànlá, ó ń tó aago méje nínú oṣù keje. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú méjìdínlógún kí ó tó wọ̀ ni wọ́n ti máa ń tan àbẹ́là. Láti ìgbà yẹn, kò sí iná dídá, kò sí nǹkan kíkọ, kò sí ọkọ̀ wíwọ̀, títí ilẹ̀ Sátidé fi ṣú tí ìràwọ̀ sì yọ. Ọjọ́rú ni kí ẹ bèèrè fún.

Ní ti iṣẹ́ fúnra rẹ̀: ní àwọn ilé ìwé Júù ńlá, irú JFS ti Lọ́ńdọ̀nù tó ti wà láti 1732, ọ̀tọ̀ ni tíṣà tó ń kọ́ ẹ̀sìn ní kíláàsì, ọ̀tọ̀ ni olùkọ́ tí kì í ṣe ti kíláàsì. Ẹni kejì yìí ló ń ṣètò àjọ̀dún, tó ń kó àwọn ọmọ lọ sùn síbì kan kí wọ́n jọ ṣe Sábáàtì láti Ẹtì dé Sátidé, tó ń jókòó tì wọ́n nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Òun náà ló ń gba ìbéèrè tí ọmọ ò jẹ́ bi ẹni tó máa fún un ní máàkì. Torí náà, àìsí máàkì yẹn gan-an ni irinṣẹ́ yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti gbé ṣọ́ọ̀kì, tí ẹ ní kí wọ́n kọ nóòtì, kíláàsì CRS kejì lẹ ti dá sílẹ̀ yẹn.

Iṣẹ́ méjì ni ọ̀gá sì kó lé yín lórí, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ti àwọn ọmọ Júù méjì, ẹ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti pa ẹ̀sìn wọn mọ́ nílé ìwé ni. Ti ọgbọ̀n yòókù, ẹ ń jẹ́ kí wọ́n mọ bí àwọn Júù ṣe ń gbé ayé wọn ni, ẹ ò sọ ẹnikẹ́ni di Júù. Ohun tó ń ba ẹgbẹ́ báyìí jẹ́ jù ni kí wọ́n sọ àwọn ọmọ méjì yẹn di ìran àpéwò: “Ìwọ, dìde, sọ fún wa bí ẹ ṣe ń gbàdúrà nílé.” Ọmọ JSS3 kì í ṣe rábì. Ó lè má mọ ìdáhùn, ìtìjú á sì mú un níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n níkọ̀kọ̀, lọ́jọ́ tó ṣáájú, bóyá wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan. Bí wọ́n bá ní rárá, ó parí síbẹ̀.

Ní ti ìgbà tí wọn ò ní wá sílé ìwé, 2026 rọrùn fún yín. Ọdún Tuntun wọn bọ́ sí Sátidé àti Àìkú, ọjọ́ 12 àti 13 oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó kan ilé ìwé ni Yom Kippur, Ọjọ́ Ètùtù, ọjọ́ Ajé 21 oṣù yẹn. Àwẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kò sí oúnjẹ, kò sí omi, ó fi díẹ̀ lé ní wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ọmọbìnrin tó ti pé ọdún méjìlá àti ọmọkùnrin tó ti pé mẹ́tàlá ló di dandan fún. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá láti ọ̀sẹ̀ kìíní, kí tíṣà kankan má fi tẹ́ẹ̀sì sí ọjọ́ náà. Ohun tó máa ń yọni lẹ́nu ju àjọ̀dún lọ ni Sátidé: lẹ́sìn àfikún, eré ìdárayá, ìdánwò àṣedánwò. Bí nǹkan kan bá bọ́ síbẹ̀, ẹ tètè sọ̀rọ̀, ẹ má dúró di ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà.

Abẹ́_Òrùlé_Ewé:

Àgbà ti sọ̀rọ̀ tán lórí ọjọ́. Èmi fẹ́ kí ẹ fi Àjọ Àgọ́ bẹ̀rẹ̀, àjọ̀dún tí àwọn Júù máa ń jókòó jẹun nínú àgọ́ tí wọ́n fi ewé bò, torí ó bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ohun èlò rẹ̀ sì wà nílẹ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì 25 oṣù kẹsàn-án ló bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́rú 30 bọ́ sí àárín àjọ̀dún náà, nígbà tí òfin tó ka iṣẹ́ léèwọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le, ọjọ́ kejì rẹ̀ sì jẹ́ ìsinmi Òmìnira. Ọjọ́rú yẹn ni kí ẹ jókòó nínú àgọ́. Ẹ kọ́ ọ tán ní Ọjọ́bọ̀ 24, torí àwọn ọmọ méjèèjì ò ní so okùn tàbí gé nǹkan lọ́jọ́ Sátidé àti Àìkú.

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní fífẹ̀, méjìlá ní gígùn, ti tó. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á jókòó, kí ẹ pín wọn wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Òpó ọparun mẹ́fà, kí gíga wọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rì wọ́n. Ògiri lẹ kọ́kọ́ ń ṣe, òrùlé ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ ṣe ògiri mẹ́ta, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kẹrin sílẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà. Ẹní ìbílẹ̀ dára fún ògiri. Bí ẹ bá fẹ́ fi aṣọ ṣe é, afẹ́fẹ́ á máa gbọ̀n ọ́n, ògiri tó ń fì síwá sẹ́yìn kò sì pé. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ na okùn yí òpó ká lábẹ́ aṣọ, okùn kan lókè èkejì, kí àlàfo àárín wọn má kọjá nǹkan bí ogún sẹ̀ǹtímítà, títí yóò fi tó mítà kan láti ilẹ̀. Òfin àwọn Júù ka okùn tó súnmọ́ra bẹ́ẹ̀ sí ògiri, aṣọ kàn di ẹ̀ṣọ́ lásán.

Òrùlé ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó hù láti ilẹ̀ ni, tí wọ́n sì ti gé kúrò lórí ilẹ̀: imọ̀ ọ̀pẹ, ọparun, ẹ̀ka igi. Páànù kò ṣe é lò, tapólì kò ṣe é lò, ẹní tí wọ́n hun fún sísùn náà kò ṣe é gbé sókè, bó tilẹ̀ dára fún ògiri. Imọ̀ ogún sí ọgbọ̀n á bo àgọ́ tí mo wí yìí. Ẹ gé ìdí wọn tó ní ẹ̀gún kúrò kí àwọn ọmọ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì na imọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ dáadáa, torí ìjàlọ àti nǹkan mìíràn máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ fi okùn dè é. Ẹ má fi wáyà gbé e ró. Ìbòòji gbọ́dọ̀ ju oòrùn lọ nínú àgọ́, ṣùgbọ́n kí òjò ṣì lè kán wọlé. Ewé á gbẹ, á sì sún kì, torí náà ẹ tò ó nípọn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ; èyí tó bo ilẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ 24 lè ti là gbaragada ní ọjọ́ 30.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà: abẹ́ igi máńgòrò. Gbogbo ilé ìwé ló ní ọ̀kan, abẹ́ rẹ̀ tutù, àwọn ọmọ á sì fẹ́ kọ́ ọ síbẹ̀. Àgọ́ tó wà lábẹ́ igi tàbí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan. Ojú ọ̀run gbọ́dọ̀ wà lókè rẹ̀.

Èyí tó kù, ọ̀rọ̀ Òṣogbo ni. Imọ̀ tó ti gbó ni kí ẹ gé. Ẹ má lo màrìwò rárá, pàápàá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mọ ohun tí ẹni tó bá ń kọjá á rò bó bá rí màrìwò tí wọ́n fi ṣe ẹnu ọ̀nà nílé ìwé. Kí ẹ tó ṣàlàyé tán, àwọn òbí kan ti débẹ̀ pẹ̀lú pásítọ̀ wọn.

Òjò ńkọ́? Òṣù kẹsàn-án ni, yóò rọ̀. Òfin ti rò ó tẹ́lẹ̀: bí òjò bá pọ̀ tó èyí tó lè ba ọbẹ̀ jẹ́ nínú àwo, ẹ kó wọlé, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀. Ẹ lè ta tapólì lé e nígbà tí kò sí ẹnìkan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ká a kúrò kí ẹ tó jókòó jẹun.

Ìyá_Kíṣìnì:

Kí n gba apá oúnjẹ. Ẹ gbọ́, ẹ má sè nǹkan kan nínú ìkòkò ilé ìwé kí ẹ wá gbé e fún àwọn ọmọ Júù méjì yẹn. Ìkòkò tó ti se ẹran tí kò bófin mu kò ṣe é lò fún wọn, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Èso tí wọn ò tíì gé ni kò ní yọ yín lẹ́nu: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn, àgbálùmọ̀ lákòókò rẹ̀. Ẹ lo àwo páálí.

Ìdárayá tó ń mú àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ jù ni ẹja. Ẹ ka Deutarónómì 14:9 fún wọn, ohun tó ní lẹbẹ àti ìpẹ́ nìkan, kí ẹ wá kó ẹja láti Ọjà Ọba sórí tábìlì tí ẹ tẹ́ ọ̀rá sí: ẹpìyà, àrọ̀, Titus, ṣawá, edé díẹ̀, àti ìgbín kan. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pín wọn sí ọ̀nà méjì. Gbogbo wọn á gbà pé ẹpìyà bófin mu. Ìjà á bẹ̀rẹ̀ lórí Titus, torí ara rẹ̀ ń dán bí ẹni pé kò ní ìpẹ́. Ẹ fún wọn ní ọ̀bẹ tí kò mú, kí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ fá a láti ìrù lọ sí orí. Ìpẹ́ kéékèèké á lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, awọ ò sì ní ya. Ó bófin mu. Àrọ̀ ní lẹbẹ, kò ní ìpẹ́: ó lọ, kò bófin mu. Edé lọ, ìgbín lọ, alákàn náà lọ. Níbí ni ẹnì kan á ti bèèrè bí wọ́n ṣe wá ń se ọbẹ̀ láìsí edé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí inú wọn ti mọ̀ nípa ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹja ló máa yà wọ́n lẹ́nu.

Ẹran àti wàrà kì í pàdé: Ẹ́kísódù 23:19. Ṣùgbọ́n ẹ má jókòó síbẹ̀ pẹ́, ó ń rú àwọn ọmọ lójú tí wọn ò bá rí abọ́ méjì lójúkojú.

Ó wá kan àkàrà aláìwú, èyí tí wọ́n ń jẹ nígbà Ìrékọjá. Ìrékọjá 2027 máa bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, bẹ́ẹ̀ Ọdún Àjíǹde máa ti wáyé láti ọjọ́ 28 oṣù kẹta. Àwọn ọmọ CRS á bèèrè ìdí. Òṣùpá ni oṣù wọn ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi oṣù kẹtàlá kún un lẹ́ẹ̀meje láàárín ọdún mọ́kàndínlógún kí Ìrékọjá má bàa kúrò ní àsìkò rẹ̀, ọdún 5787 nínú kàlẹ́ńdà tiwọn sì jẹ́ ọ̀kan nínú ọdún olóṣù mẹ́tàlá. Ọmọ tó mọ bí Ramadan ṣe ń yí ọdún ká á tètè lóye èyí ju àwọn yòókù lọ.

Fúláwà lásán àti omi tútù, kò sí iyọ̀, kò sí òróró, kò sí yíìsì. Láti ìgbà tí omi bá ti kan fúláwà, ìṣẹ́jú méjìdínlógún lẹ ní kí ó tó jinná. Ìdí tí ẹgbẹ́ fi ń kùnà ni pé gbogbo ọgbọ̀n ọmọ á yí ìṣù kan ṣoṣo ká. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà. Kí ẹgbẹ́ kan gba ìdajì ife fúláwà àti ṣíbí ọbẹ̀ omi méjì ààbọ̀, ìyẹn á ṣe mẹ́ta tó fẹ̀ tó àwo tíì. Kí wọ́n yí i títí yóò fi tín-ín-rín bí páálí, kí wọ́n fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri, torí ibi tí kò bá ní ihò ni ooru á ti gbé e wú. Páànù tó nípọn lórí gáàsì, kí ó ti gbóná janjan kí ohunkóhun tó kàn án. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan. Páànù kan gba ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, torí náà páànù méjì ni ẹ nílò láti parí láàárín wákàtí kan. Ẹgbẹ́ tí páànù kò tíì kàn kò gbọ́dọ̀ da omi síi. Kí ọwọ́ má sì dúró lórí ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò. Èyí tí wọ́n bá gbé sílẹ̀ tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Tíṣà_ÒgoOlúwa:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ màrìwò yẹn sílẹ̀ o. Ìbéèrè mẹ́ta: ṣé a lè ṣe oúnjẹ alẹ́ Ìrékọjá pátápátá nílé ìwé? Kí ni n ó sọ fún òbí Mùsùlùmí tó bá bínú, pàápàá nítorí ogun Gásà? Hánúkà, àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀ wọn, ńkọ́?

Àgbà_Ìwé:

Oúnjẹ alẹ́ Ìrékọjá: mi ò fara mọ́ ọn pé kí ẹ ṣe é tán bí ẹni ń ṣe é lóòótọ́. Ẹ lè tẹ́ àwo rẹ̀ sílẹ̀, egungun, ẹyin, ewé kíkorò, ewé tútù tí wọ́n ń tì bọ omi iyọ̀, àpòpọ̀ èso tó dà bí amọ̀, kí ẹ ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ bèèrè àwọn ìbéèrè mẹ́rin náà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ tí kì í ṣe Júù máa pe ìbùkún tó ní Orúkọ Ọlọ́run ní Hébérù bí eré, ẹ má sì sọ ọ́ di ìsìn Oúnjẹ Olúwa. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu tíṣà CRS láti yọ Jésù jáde láti inú gbogbo àwo yẹn. Kíláàsì CRS ló ni ìyẹn. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ohun tí àwọn Júù fúnra wọn ń sọ nípa àjọ̀dún wọn la ń gbọ́. Bí ẹ bá tẹ Hébérù sórí ìwé, ẹ má fi Orúkọ náà síbẹ̀ ní kíkún, torí ìwé tó bá ní in kò ṣe é jù sí ààtàn, wọ́n ń sin ín ni.

Ní ti òbí: lẹ́tà ni kí ó ṣáájú ohun gbogbo. Kí ó sọ ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe, pé kò sí àdúrà tí a ó fi dandan mú ẹnikẹ́ni gbà, pé kò sí oúnjẹ tí a ó fún ọmọ láìsọ, pé òbí lè yọ ọmọ rẹ̀ nígbàkigbà. Kí òbí fọwọ́ sí i. Ọ̀ṣun kì í ṣe ibi tí a ti ń fi ẹ̀sìn ṣeré nílé ìwé. Gbogbo wa la rí wàhálà hijab 2016. Ẹ gbé ìpàdé tí oúnjẹ wà kúrò nínú Ramadan pẹ̀lú, ní 2027 ó máa gba púpọ̀ nínú oṣù kejì dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Gásà: ọmọ á bèèrè, ẹ má díbọ́n pé ẹ ò gbọ́. Ẹ sọ pé ìjọba ni ìjọba, ẹ̀sìn ni ẹ̀sìn, pé àwọn Júù fúnra wọn kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà, pé kò sì sí ọmọ kankan nínú yàrá yìí tí yóò jíhìn fún ogun tó ń lọ ní ilẹ̀ mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yíjú sí àwọn ọmọ méjì yẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá débẹ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù kìíní, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ ní 2005 fún ìrántí ìpakúpa àwọn Júù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ sí Ọjọ́rú ní 2027. Ẹ má ṣe eré orí ìtàgé rẹ̀. Ẹ má ní kí ọmọ kan ṣe sójà kí èkejì ṣe ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan ò ní sùn. Àwòrán òkú náà ò sí níbẹ̀. Ìgbésí ayé ẹnì kan ṣáájú ogun, lẹ́yìn náà ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ó tó.

Ní ọ̀sẹ̀ tí kò sí àjọ̀dún, ẹ jẹ́ kí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ ní méjì-méjì, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ Tóràh, ìwé òfin àwọn Júù. Jẹ́nẹ́sísì 18:1–8, Ábúráhámù àti àwọn àlejò rẹ̀, dára fún ìbẹ̀rẹ̀, torí àwọn ọmọ ilé kéwú mọ ìtàn náà. Ìwé kan ṣoṣo fún ẹni méjì. Bí olúkúlùkù bá ní tirẹ̀, wọ́n á kà á sínú ni. Ọ̀kan á ka ẹsẹ kan sókè, èkejì á bèèrè ohun tí kò yé e níbẹ̀, ìṣẹ́jú méjìlá, kí wọ́n tó pààrọ̀. Yàrá á pariwo bí ọjà. Ẹ sọ fún tíṣà tó wà ní yàrá kejì tẹ́lẹ̀.

Ó tún ku èyí: kí àgbàlagbà méjì máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí WhatsApp yín sì jẹ́ ti òbí, kì í ṣe ti ọmọ.

Ìyá_Kíṣìnì:

Kí n dáhùn ti Hánúkà. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì 4 oṣù kejìlá ló bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́rú tiyín sì bọ́ sí ọjọ́ 9. Alẹ́ mẹ́jọ: ọ̀kan ní alẹ́ kìíní, méjì ní èkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé mẹ́jọ, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ kan lọ́tọ̀ tí wọ́n fi ń tan ìyókù lálaalẹ́. Ó jẹ́ mẹ́rìnlélógójì lápapọ̀. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń tò ó, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ tuntun lápá òsì ni wọ́n ń kọ́kọ́ tàn. Òróró ólífì ló dára jù. Òróró ẹ̀pà pẹ̀lú òwú náà ń ṣiṣẹ́. Epo pupa ń rú èéfín, ẹ má sì jẹ́ kí kẹrosíìnì wọ kíláàsì. Nínú ife gíláàsì kékeré, omi nísàlẹ̀, òróró lókè, kí òwú yọ sókè díẹ̀ péré. Bó bá gùn, ó ń yọ èéfín dúdú. Kí iná lè jó fún ìdajì wákàtí, ó kéré tán. Ẹ̀yin á ṣàfihàn rẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn ọmọ Júù á tan tiwọn nílé lálẹ́ pẹ̀lú ìbùkún. Oúnjẹ tí wọ́n fi òróró dín ni oúnjẹ rẹ̀, torí náà pọ́fùpọ́fù kò jìnnà sí ohun tí wọ́n ń jẹ ní Jerúsálẹ́mù lọ́sẹ̀ náà.

Tíṣà_ÒgoOlúwa:

Ẹ kú àlàyé, mà. Àkàrà aláìwú tí a bá ṣe, ṣé àwọn ọmọ méjèèjì lè kó díẹ̀ lọ sílé fún Ìrékọjá?

Ìyá_Kíṣìnì:

Rárá o, ẹ má dán an wò. Ilé iṣẹ́ tó ń lọ fúláwà sábà máa ń fi omi rin àlìkámà kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ṣọ́ ọ. Bó bá tiẹ̀ jinná ní ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n kà á sí wíwú, kò sì gbọ́dọ̀ wà nílé wọn lọ́sẹ̀ náà. Ti ẹ̀kọ́ nìkan ni. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú àjọ̀dún, kí ẹ jẹ ẹ́ tán níbẹ̀, kí ẹ sì gbọn èérún kúrò lára báàgì àwọn ọmọ méjèèjì kí wọ́n tó lọ. Ẹ tún bi ìyá wọn bóyá wọ́n ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà nígbà Ìrékọjá. Àwọn Júù kan ń jẹ ẹ́, àwọn kan kì í jẹ ẹ́, ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.